Ta ló ti rí ìbátan ẹ̀ lẹ́yìn òkun? Ẹ bá wa sọ tiyín

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Èmi tutọ́ sínú ìgò àyẹ̀wò DNA, èyí tí wọ́n fi ń wá ìbátan ẹni, torí wọ́n já owó ẹ̀ wálẹ̀ lásìkò Kérésì, mo tiẹ̀ ti gbàgbé ẹ, àfi bí obìnrin ará Cuba kan tó ń gbé Miami ṣe kọ̀wé sí mi pé ẹ̀jẹ̀ wa bára mu. Mo kọ́kọ́ rò pé yàhúù ni, ẹ má bínú, ojú wa ti rí.

Ó fi fọ́tò ìwé ìrìbọmi ìyá ńlá ẹ̀ ránṣẹ́, láti ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Matanzas ní Cuba, inú ìwé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fáwọn aláwọ̀ dúdú. Fáda fún un lórúkọ Sípéènì, ó kọ orúkọ ọ̀gá tó rà á lẹ́rú, ó kọ "Lucumí", ó parí. Kò sí bàbá, kò sí ìyá, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé ò sí níbẹ̀ rárá. Gbogbo àwa Yorùbá pátá ni wọ́n ń pè ní Lucumí níbẹ̀ nígbà yẹn, ará Ọ̀yọ́ o, Ẹ̀gbá o, èwo ni kéèyàn mú?

Òkè-Odàn ni bàbá mi ti wá, Dàhòmì sì fọ́ ìlú yẹn ní 1848, wọ́n kó èèyàn lọ rẹpẹtẹ, Cuba ṣì ń ra èèyàn nígbà yẹn. Ni mo bá pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo ní "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n kó lọ nílé wa?" Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Ṣé ilẹ̀ ló fẹ́ wá pín?" Mo rẹ́rìn-ín, àwọn ò rín.

Ibẹ̀ ló ti le o. Wọ́n kó tiwa lọ, àwa náà sì ra tẹlòmíì, ọmọ wọn ń jẹ́ orúkọ ilé wa dòní, ẹni tó mọ̀ ò ní sọ. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ lèmi gan-an ti wá. Mo ní kí Bàbá náà jẹ́ ká yẹ tiwọn wò, ká mọ̀ bóyá ìhà bàbá ni. Wọ́n ní itọ́ àwọn kọ́ ni òyìnbó máa gbé sínú ìgò láéláé. Obìnrin yẹn ṣì ń bi mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, "Bàbá ńkọ́?"

Ọmọ Sàró: Tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ní Freetown ní Sierra Leone, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ àwọn tí wọ́n já gbà nínú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, pẹ̀lú ọjọ́ orí, gíga, títí kan ilà ara. Sípẹ́lì ẹ̀ ni wàhálà! Mo jókòó ní pálọ̀ tí mò ń pe ọ̀kan báyìí, "Ogoodaray, Ogoodaray", ni mọ́mì bá pariwo láti kíṣìnì, "Ògúndàre ni, dọ̀bọ̀sìyẹsà!"