Ta ló ń yan àwọn adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ (Benin), kí sì ni yíyàn náà ń ṣe sí ìdájọ́ wọn?

Ọmọ Alákétu (Kétu) béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ níbí tí a kò tíì rí yanjú, lórí Ilé-ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ wa, kóòtù tó ń wò bóyá òfin àti ìṣe ìjọba bá Òfin Ìpìlẹ̀ mu. Àwọn kan ní kóòtù tí Ààrẹ àti àwọn aṣòfin bá yàn, tiwọn ni yóò máa ṣe, pé ariwo lásán ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìlànà ìdájọ́. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ adájọ́ kò ju kó ka ohun tí a kọ sílẹ̀, kó sì sọ ohun tó kà. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni yòówù tó yàn án kò kan ẹnikẹ́ni. Báwo ni yíyàn yìí ṣe ń lọ gan-an? Ǹjẹ́ ìdájọ́ kan wà tí a lè tọ́ka sí pé àwọn adájọ́ tuntun ló yí i padà? Ṣé ó sì tọ́ kí mẹ̀kúnnù ṣì máa kọ̀wé sí Kóòtù náà?

Agbẹjọ́rò Àjàṣẹ́:

Kútọnu ni Kóòtù ń jókòó, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, níbi tí Ilé Aṣòfin wà, ni a ti ń yan èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ rẹ̀. Adájọ́ méje ni wọ́n. Abala 115 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1990 ní kí Bíró Ilé Aṣòfin yan mẹ́rin, kí Ààrẹ yan mẹ́ta. Ọdún márùn-ún ni sáà wọn, a lè tún ẹnì kan yàn lẹ́ẹ̀kan péré. Mẹ́ta gbọ́dọ̀ jẹ́ adájọ́ tó ti lo ọdún 15 ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́ (Bíró yan méjì, Ààrẹ yan ọ̀kan). Méjì jẹ́ àgbà amòfin, ì báà ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí agbẹjọ́rò, ọdún 15 náà ni tiwọn. Méjì tó kù jẹ́ ẹni tó lórúkọ rere nídìí iṣẹ́ rẹ̀, wọn kò ní kó jẹ́ amòfin dandan.

Ibi tí àwọn ènìyàn kì í wò dáadáa ni ọ̀rọ̀ Bíró yẹn. Kì í ṣe gbogbo aṣòfin ló ń dìbò yan adájọ́. Bíró jẹ́ ẹni méje: olórí Ilé, igbákejì méjì, olùtọ́jú owó àti ohun ìní Ilé méjì, akọ̀wé méjì. Ẹni mẹ́rin tó bá fohùn ṣọ̀kan nínú wọn ti tó láti yan adájọ́ mẹ́rin, kò sì sí ìjókòó gbangba tí a ti ń bi ẹni tí wọ́n fẹ́ yàn léèrè bó ṣe ń ka òfin. Bí Bíró àti Ààrẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà, ẹnu ọ̀nà kan ni àwọn méjèèje gbà wọlé.

Nígbà tí wọ́n bá ti búra tán, àwọn fúnra wọn ló ń dìbò yan ààrẹ Kóòtù, láàárín àwọn adájọ́ àti amòfin inú wọn. Abala 116 nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́fin Ṣábẹ̀ẹ́:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èmi fẹ́ dá àwọn tó ní kí adájọ́ ṣáà ka ohun tí a kọ lóhùn.

Ní oṣù Kẹfà 2006, àwọn aṣòfin tún abala 80 ṣe, wọ́n sọ sáà ara wọn di ọdún márùn-ún dípò mẹ́rin. Bí a bá wo ìwé lásán, wọn kò ṣẹ̀. Abala 155 ní bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún aṣòfin bá fọwọ́ sí àtúnṣe, kò sí pé à ń pe gbogbo ìlú sí ìbò, iye yẹn sì pé. Abala 156 tó ka ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, kò dárúkọ sáà aṣòfin. Síbẹ̀, lọ́jọ́ 8 oṣù Keje 2006, Kóòtù tí Conceptia Ouinsou jẹ́ ààrẹ rẹ̀ fagi lé e nínú ìdájọ́ DCC 06-074 (DCC ni àmì tó ń ṣáájú nọ́ńbà ìdájọ́ Kóòtù náà). Wọ́n ní inú ìfohùnṣọ̀kan Ìpàdé Àpapọ̀ oṣù Kejì 1990, níbi tí àwọn aṣojú ìlú ti jùmọ̀ pinnu irú ìjọba tí a fẹ́, ni Òfin Ìpìlẹ̀ ti jáde, pé ìfohùnṣọ̀kan náà ti di ìlànà tó lágbára bí Òfin Ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀, àti pé ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ wá irú ìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ yẹn nínú abala 155, ẹ kò ní rí i.

Mo fara mọ́ ìdájọ́ náà tọkàntọkàn. Ẹni tó ń fi ọdún kún iṣẹ́ ara rẹ̀ láìbi ẹni tó gbà á síṣẹ́, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó mú un jẹ nítorí pé iye ìbò pé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a ṣí fún ẹni rere, ẹlòmíràn náà lè gbabẹ̀ wọlé. Adájọ́ tó lè fa ìlànà tí a kò kọ yọ láti dáàbò bo aráàlú, ó lè fà á yọ lọ́la láti dáàbò bo ìjọba.

Ìdájọ́ tí o ń bèèrè wá rèé. Abala 31 ní Ìjọba gbà pé òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ ìyanṣẹ́lódì, ó sì dúró fún ẹ̀tọ́ náà. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kíní 2018, Kóòtù tí Théodore Holo jẹ́ ààrẹ rẹ̀ sọ nínú DCC 18-001 pé òfin tó gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan lòdì sí Òfin Ìpìlẹ̀. Sáà wọn parí. Àwọn méje tuntun wọlé lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹfà, Joseph Djogbénou di ààrẹ wọn. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹfà kan náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, DCC 18-141 jáde, ó gbà pé a lè fi òfin ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀ fún irú àwọn òṣìṣẹ́ bíi ti ìlera àti ti ètò ìdájọ́. Abala 31 kò yí padà. Àwọn tó ń kà á ló yí padà. Ohun tó dun àwọn amòfin jù ni pé abala 124 ní ìdájọ́ Kóòtù kò ní ìpẹ̀jọ́ kọ̀tẹ́milọ́rùn, gbogbo aláṣẹ ló sì dè. Báwo ni ohun tí Kóòtù ti parí ṣe tún padà wá síwájú Kóòtù?

Ará Sàkẹ́tẹ́:

Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ̀bi tí ẹ gbé ka orí ẹni tó ń yàn ti pọ̀ jù. Níbo ni olóṣèlú kì í ti í yan adájọ́ àgbà? Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ ló ń dárúkọ, Sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí i. Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ wọn ló ń dá orúkọ àwọn adájọ́ Kóòtù Gíga Jùlọ, Ààrẹ yàn wọ́n, Sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di ọmọ 70 ọdún. Èyíinì náà ní àbùkù tirẹ̀, torí Adájọ́ Àgbà ló ń yan ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ yẹn.

Ohun tó ń pa wá lára ni sáà tí a lè tún ṣe. Adájọ́ tó bá fẹ́ padà wá lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dá lẹ́jọ́ ni yóò ti wá a. Farańsé fún tiwọn ní ọdún mẹ́sàn-án, kò sí àtúnyàn. Jámánì fún tiwọn ní ọdún 12, kò sí àtúnyàn, ìdá méjì nínú mẹ́ta sì ni ìbò tí ń yàn wọ́n, kí ẹgbẹ́ kan má baà dá a ṣe. Sẹ̀nẹ̀gà náà kò gba àtúnyàn.

Èkejì, ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèje wa ń lọ. 1993, 1998, 2003, 2008, 2013, 2018, 2023: ìgbà gbogbo, oṣù Kẹfà. Ní Farańsé, mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án ni wọ́n ń pààrọ̀ ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ká ní méjì tàbí mẹ́ta péré ló yí padà ní 2018, àwọn tó kù ì bá wà níbẹ̀ láti sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe ìdájọ́ oṣù Kíní.

Agbẹjọ́rò Àjàṣẹ́:

Mo gbà lórí pípààrọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lórí sáà kan ṣoṣo, kò tó. Adájọ́ tí a kò lè tún yàn ṣì lè máa wo ipò mìíràn lẹ́yìn kóòtù. Djogbénou jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ kó tó dé Kóòtù ní 2018. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Keje 2022, ó sì di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú. Kò sí abala tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, àléébù tí mo sì ń wí nìyẹn. A nílò ọdún ìdádúró láàárín ipò òṣèlú àti Kóòtù, ní wíwọlé àti ní jíjáde. Ìdá méjì nínú mẹ́ta náà lè dí ọ̀nà pa: bí ẹgbẹ́ méjì bá kọ̀ láti gbọ́ra, àga yóò ṣófo.

Ọmọ Alákétu:

Ẹ ṣé púpọ̀. Kíkọ̀wé wá ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́fin Ṣábẹ̀ẹ́:

Ó tọ́ kí a máa kọ ọ́. Ìwọ̀nba orílẹ̀-èdè ló gba aráàlú láyè báyìí. Abala 3 àti 122 jẹ́ kí ọmọ ìlú yòówù pe òfin tàbí ìṣe ìjọba lẹ́jọ́ tààrà, láìgba agbẹjọ́rò, láìsan owó. Bí ẹjọ́ rẹ bá ti wà ní kóòtù mìíràn, o lè sọ níbẹ̀ pé òfin tí wọ́n fẹ́ fi dá ọ lẹ́jọ́ lòdì sí Òfin Ìpìlẹ̀; kóòtù yẹn gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ dúró, Ilé-ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ sì ní ọjọ́ 30 láti fèsì.

Ohun tó sábà ń ba ìwé jẹ́ kéré: kò sí àdírẹ́sì tó yé, tàbí kò sí ìbuwọ́lù. Ẹni tí kò lè kọ̀wé lè tẹ ìka. Kọ orúkọ rẹ pé, dárúkọ òfin tàbí ìṣe náà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí o sì sọ abala Òfin Ìpìlẹ̀ tó rú. Bí o bá kàn kọ pé aláṣẹ kan kò tẹ̀lé òfin ilẹ̀ tàbí òfin iṣẹ́, wọn yóò ní ọ̀rọ̀ náà kò sí níkàáwọ́ àwọn. Wá ìdájọ́ àtijọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà kí o tó fi ránṣẹ́; bí ìyẹn bá ta kò ọ́, kọ ohun tó ti yí padà láti ìgbà náà sínú ìwé rẹ, má dúró kí wọ́n bi ọ́. Kí o sì gba òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà sórí ẹ̀dà tí o mú padà sílé.