Ẹ̀yin ìyá àti àbúrò nínú Olúwa, níbo lẹ ti jẹ́rìí Jésù tí kì í ṣe orí pẹpẹ?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:
Ẹ kú alẹ́ o. Lẹ́yìn ìpàdé Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere tó kọjá, ìyá àgbà kan jókòó tì mí, ó ní òun kò mọ ohun tí òun wúlò fún nínú ilé Ọlọ́run, torí òun kò mọ̀wé, òun kò sì lè dúró níwájú èrò. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ìyá yìí ló ń gbá ìta ṣọ́ọ̀ṣì wa kí ilẹ̀ tó mọ́, bó sì ṣe ń gbálẹ̀ ló ń dárúkọ àwọn ọmọ ìjọ níkọ̀ọ̀kan. Mo ti gbọ́ orúkọ àwọn ìbejì mi lẹ́nu rẹ̀ rí. Kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìrírí yín. Mo fẹ́ kà á sí i létí.

Yéjídé Ìjẹ̀bú:
Mo ti gbé àpótí jókòó. Ẹ máa wí o.

Ìyá Aláta Bódìjà:
Ata, tàtàṣé àti tòmátì ni mò ń tà. Oníbàárà mi kan ra ọjà ₦12,500, ó fi owó ránṣẹ́, álátì wọlé. Kò pẹ́, òmíràn tún wọlé, iye kan náà. Obìnrin náà ti wọkọ̀ lọ. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbé e, ó sì kọ́kọ́ rò pé gbájúẹ̀ ni mí. Mo ní, “Ìyá Aláta ni, owó yín ló wà lọ́wọ́ mi.” Nígbà tó padà wá, ó ní kí ló dé tí n kò dákẹ́, ṣé òun ì bá tiẹ̀ mọ̀? Mo ní mo ti bá Jésù sọ̀rọ̀ ọjà òní kí n tó kúrò nílé, n kò sì mọ ojú tí n bá fi tún bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ bí mo bá gbé owó olówó.

Ọ̀sẹ̀ kejì ó tún wá, kò ra ata. Ó ní ọmọ òun fẹ́ ṣe WAEC, kí n bá òun gbàdúrà. Ata kún ọwọ́ mi méjèèjì, n kò lè dì í lọ́wọ́ mú, ni mo bá fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án léjìká. Àárín apẹ̀rẹ̀ méjì la ti gbàdúrà, tí àwọn aláàárù ń kígbe “ẹ yà, ẹ yà” mọ́ wa lórí.

Yéjídé Ìjẹ̀bú:
Ìgbọ̀nwọ́! Ìyá mi, Olúwa gbọ́ ti ìgbọ̀nwọ́ yẹn.

Àbíkẹ́ Àkúrẹ́:
Tèmi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Mùsùlùmí ni ọkọ mi. Bẹ́ẹ̀ ló wà kí n tó fẹ́ ẹ, mo sì mọ̀. Ọdún kẹtàdínlógún wa rèé. Nínú oṣù Ràmàdáànì, èmi ni mò ń dáná sààrì fún un. Mo máa ń jí ní aago mẹ́ta, kí n ro àmàlà, kí n gbé ọbẹ̀ kaná, kí n tó jí i.

Lọ́dún mẹ́ta àkọ́kọ́, mo sọ ilé ìdáná di ibi àdúrà, ṣùgbọ́n kí ọkọ mi lè gbọ́ ni mo fi ń gbé ohùn sókè. “Baba, yí ọkàn rẹ̀ padà! Ṣí i lójú!” Ẹ̀yin ènìyàn mi, etí ọkọ mi ni mò ń gbàdúrà sí, kì í ṣe etí Ọlọ́run. Oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú rẹ̀, kò ní jẹ ẹ́ tán. Èmi sì ń rò pé Èṣù ló ń bá a jà.

Lọ́dún kẹrin, ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ìyá yìí kò fẹ́ràn mi nígbà kan, ẹ jẹ́ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀. Lóru ọjọ́ kan mo ń fọ ìkòkò, mo rántí bí ẹsẹ̀ ìyá náà ṣe wú nígbà tí mo rí i gbẹ̀yìn, ẹkún bá gbọ̀n mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ rẹ̀ fún Jésù, ohùn mi kò jáde rárá, ọwọ́ mi ṣì wà nínú omi ọṣẹ. Nígbà tí mo yíjú, ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bùtá àlùwàlá lọ́wọ́. N kò mọ ìgbà tó dé. Ó ní, “Ìyá mi lo ń pè yẹn.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ ṣe àlùwàlá rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ó jẹ oúnjẹ ọjọ́ náà tán. Láti Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e títí dòní, òun ló ń wà mí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tíì wọlé o. Ẹnu géètì ló ń dúró sí, á tẹ ìjókòó mọ́tò sẹ́yìn, á máa gbọ́ orin láti inú rẹ̀. Mo ṣì ń gbàdúrà.

Dúpẹ́olúwa:
Omijé dé sí mi lójú níbi bùtá yẹn.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:
Àbíkẹ́, Ọlọ́run á dáhùn. Ohun tí àpọ́sítélì Pétérù wí fún àwọn aya nìyẹn, pé ìwà wọn lè jèrè ọkọ láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Olùkọ́ Abẹ́òkúta:
Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè pẹ̀lú ìfẹ́. Ṣé Kristẹni tó ń dáná sààrì kò máa ran ààwẹ̀ ẹlòmíràn lọ́wọ́?

Àbíkẹ́ Àkúrẹ́:
Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ mi ni mò ń fún lóúnjẹ. Bí ebi bá ń pa á ní aago mẹ́ta òru, aago mẹ́ta òru ni n ó bọ́ ọ.

Ọmọ Alájá:
Olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí mi. Ìyá mi Alájá ṣì máa ń pè mí lówùúrọ̀ Sọ́ńdè pé, “Ṣé o ò ní pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì báyìí?” Ẹran Iléyá wọn ni mo fi dàgbà, ìrẹsì Kérésì mi náà ni wọ́n ń jẹ. Bí mo bá kọ oúnjẹ ìyá mi, Jésù wo ni n ó wá wàásù fún un?

Olùkọ́ Abẹ́òkúta:
Mo gbọ́. Ẹ má bínú, Àbíkẹ́. N óò máa rántí ọkọ yín nínú àdúrà.

Nọ́ọ̀sì Agége:
Níwọ̀n bí a ti ń sọ nípa ẹ̀rí, ẹ bá mi bẹ arábìnrin tó ń fi agogo àti gbohùngbohùn wàásù ládùúgbò wa ní aago márùn-ún ìdájí. Mo fẹ́ràn Jésù dénú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé tí orí ń fọ́ mi, abẹ́ fèrèsé mi gan-an ló ń dúró sí.

Títílayọ̀:
Ẹ má bá mi lé e o! Irú agogo bẹ́ẹ̀ ló gbà mí là. Lọ́dún 1998, mo jí lọ́jọ́ kan pẹ̀lú èrò pé kí n pa oyún inú mi. Obìnrin kan ń kọjá lọ, ó ń ké pé, “Ìwọ tí o kò rí oorun sùn, Jésù mọ̀ ọ́.” Gbólóhùn kan péré. N kò rí ojú rẹ̀ títí dòní. Ọmọ náà ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀.

Nọ́ọ̀sì Agége:
Mo dákẹ́. Títílayọ̀, mo dákẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n kó sún kúrò lábẹ́ fèrèsé díẹ̀.

Bàbá Ọ̀dọ̀:
Ohun tí kò yé mi ni pé ṣé obìnrin ló yẹ kó máa wàásù fún ìta ni? Kí àwọn ìyá gbàdúrà nínú ilé, ó tó.

Olùkọ́ Abẹ́òkúta:
Ó tó kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ Yorùbá lẹ ti ń sọ̀rọ̀ yìí o. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àìsàn gbòde, olùkọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà lára àwọn tó dìde ní Ìjẹ̀bú-Òde, Sophia Ọdúnlámì, tó ń kéde àdúrà àti omi òjò fún ìwòsàn. Ní 1925 ní Èkó, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n nígbà tó wọ inú ìran tí wòlíì Mósè Orímọládé fi wá gbàdúrà fún un. Òun náà ló di Kápútéènì nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tó kó ẹgbẹ́ ajíhìnrere káàkiri ìlú wa. Bí àwọn wọ̀nyí bá jókòó sílé, mélòó nínú ìjọ aládúrà ni ì bá wà? Ní Abẹ́òkúta wa níbí, ìyá Àjàyí Crowther kò rí ọmọ rẹ̀ láti 1821 tí wọ́n kó o lẹ́rú títí di 1846. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1848, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà. Mo máa ń ronú nípa ìyá yẹn nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Bàbá Ọ̀dọ̀:
Olùkọ́, mo ti gbọ́. N ó tún un rò.

Títí Peckham:
Ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní London níbí, òfin iṣẹ́ kò sì gbà kí n wàásù. Ìyá òyìnbó kan wà tí mò ń wẹ̀ fún, ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún ó dín díẹ̀. Bí mo bá ń pa ìpara sí i lẹ́sẹ̀, mo máa ń kùn orin lábẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí n kò kùn ún, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ibo ni orin òun wà? Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tó béèrè nìkan ni mo dáhùn. Ó ní òun ti kọ́ nípa Jésù ní kékeré, òun ti gbàgbé ni.

Dúpẹ́olúwa:
Bí ọmọ kékeré inú Bíbélì tó ń sìn nílé Náámánì, ọ̀gágun adẹ́tẹ̀ nì. Gbólóhùn kan ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀ obìnrin.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:
Mo ti kà á fún ìyá náà lówùúrọ̀ yìí, lórí bẹ́ǹṣì ìta ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbálẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí ìgbọ̀nwọ́ Ìyá Aláta títí ó fi nu ojú. Nígbà tí mo dé ibi tí ọkọ Àbíkẹ́ ti ń gbọ́ orin láti inú mọ́tò, ó ní kí n dúró ná. Ó ní kí lorúkọ ọkùnrin náà? Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n lọ béèrè, torí ọ̀la òun á tún gbálẹ̀. Àbíkẹ́, jọ̀ọ́, fi orúkọ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

Àbíkẹ́ Àkúrẹ́:
Mo ti fi ránṣẹ́, mà. Mo fi orúkọ ìyá rẹ̀ náà sí i.

Ìyá Aláta Bódìjà:
Ẹ bá mi fi ọmọ oníbàárà mi kún un o. Èsì WAEC kò tíì jáde.