D7 ni mo gbà nínú Ìṣirò, ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa, ní Àbújá, ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Èsì WAEC mi ti jáde: kírẹ́díìtì mẹ́rin péré, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìṣirò jẹ́ D7, kò tó kírẹ́díìtì. Ìyá mi ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí, kò bá mi wí rárá. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń dùn mí jù.

Mi ò ya ọ̀lẹ. Nígbà tí ara ìyá mi ò yá, tí mo wà ní SS2, èmi ni mò ń jókòó ti igbá ata lọ́jà, mo sì pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ títí sáà fi parí. Àtìgbà náà ni Ìṣirò ti dojú rú fún mi.

Accounting ni mo fẹ́ kà, ní yunifásítì tó wà ní Gwagwalada bó bá ṣeé ṣe. Ṣé kí n ṣe NECO, kí n wá pa èsì méjèèjì pọ̀? Àbí kí n kọ́kọ́ lọ ṣe NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Zuba? Bí mo bá parí rẹ̀ tí mo fẹ́ gba Direct Entry, kí n fi NCE wọ yunifásítì ní ọdún kejì, ṣé wọn ò tún ní béèrè Ìṣirò yìí náà lọ́wọ́ mi?

Ọkùnrin kan ládùúgbò ní kí n mú owó wá, òun á bá mi tún èsì ṣe. Mi ò fẹ́ ẹ.

Ẹni tó bá ti fi ìjókòó méjì wọlé, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ka Ìṣirò tó fi yé yín?