Ọmọ mi sunkún títí lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára: kí ni kí n ṣe sí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ 6, a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ tó ní ti ikọ́ líle nínú. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ ti gbóná janjan, itan rẹ̀ wú. Ó sunkún fún bíi wákàtí 3 láìdáwọ́ dúró, kò gba ọmú. Mo ń gbé e kiri nínú òkùnkùn, èmi náà ń sunkún. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ara ti wálẹ̀. Kókó kékeré kan ṣì wà ní ojú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kò sunkún.

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé ara gbígbóná wọ́pọ̀, pé kò sábà kọjá ọjọ́ 2. Kò mí gulegule, ètè rẹ̀ kò wú, gìrì kò mú un; ká ní ó rí bẹ́ẹ̀ ni, ilé ìwòsàn ni ǹ bá sáré gbà lọ. Ẹkún yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ìyá ọkọ mi ní ká má padà lọ mọ́. Èmi ò fẹ́ dá a dúró, torí ikọ́ líle máa ń pa ọmọ ọwọ́, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò sì tó.

Ta ni ọmọ rẹ̀ ti sunkún báyìí rí? Kí ni dókítà sọ nípa èyí tó kàn? Báwo ni mo ṣe lè bá ìyá ọkọ mi sọ ọ́ tí kò fi ní dìjà?