Inṣọ́ránsì ò fẹ́ san owó góòlù mi tó bàjẹ́

Ọmọ Kábà: Okun o ẹ̀yin ará ilé. Ìjì ṣí páànù wa lóṣù tó kọjá, òjò wọ yàrá, àpótí iyùn màmá mi kún fómi, okùn ẹ̀ ti jẹrà, síílìn tún já lu ṣéènì góòlù, ó ká kọ́rọkọ̀rọ. Inṣọ́ránsì láwọn á san ti páànù nìkan. Ṣé mo lè bá wọn fà á?

Ará Mọ̀pà: Ẹ kú àdánù o. Ẹ ka ìwé àdéhùn inṣọ́ránsì yẹn dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi gbèdéke sórí góòlù, èyí tó bá wọ́n gan-an ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọn ò fi san sínú lẹ́tà, kì í ṣe ti fóònù lásán. Tí wọ́n bá ṣì ń ṣagídí, ẹ kọ̀wé sí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì, l'Ábújà.

Ìyá Ìsánlú: Ẹ má tíì tún iyùn yẹn sín o! Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ bó ṣe wà. Fọ́tò òde tí màmá ti wọ̀ ọ́ ńkọ́?

Ọmọ Kábà: Yéè, mo ti sín ìdajì lánàá.