"Fàlà sí i" ni, kì í ṣe "Pa á rẹ́"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ dá lábàá fún ètò orí fóònù tí à ń ṣe ní Àbújá níbí, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì yóò máa fi kọ àkọsílẹ̀ ìdánwò oògùn láàárín àwọn Yorùbá tó wà ní Kubwa, Nyanya àti Mararaba. Púpọ̀ nínú wọn dára. Díẹ̀ wà tí mi ò lè gbà.

Èyí tó ká mi lára jù ni "Pa á rẹ́" tí ẹ ní kí a kọ sórí bọ́tìnì. Lórí fóònù tiwa, bọ́tìnì yẹn ò burú: o pa fọ́tò rẹ́, ó lọ nìyẹn. Nínú ìdánwò oògùn, kò sóhun tó ń parẹ́. Bí nọ́ọ̀sì bá kọ 38.5 fún ìgbóná ara, tó wá rí i pé 36.5 ni, 36.5 ni yóò hàn, ṣùgbọ́n 38.5 ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yí i padà, ọjọ́, wákàtí àti ìdí. Òfin Amẹ́ríkà tó de irú àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà yìí láti 1997 ò gbà kí àtúnṣe bo ohun tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é lórí ìwé náà nìyẹn: ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fà gba orí ohun tí wọ́n ṣì kọ, kí ojú ṣì lè kà á, wọn a fọwọ́ sí i, wọn a kọ déètì. Tipp-Ex ò gbọdọ̀ kàn án. Nítorí náà, "Fàlà sí i" ni kí a kọ sórí bọ́tìnì. Ẹni tó bá tẹ "Pa á rẹ́" á rò pé àṣìṣe òun ti wọlẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn olùyẹ̀wò bá sì ṣí i síta, á dà bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan pamọ́. "Ipasẹ̀ àtúnṣe" tí ẹ pe àkọsílẹ̀ ẹni tó yí nǹkan padà, ìgbà àti ìdí rẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Ayédèrú oògùn" tí ẹ pe placebo, ìyẹn ohun tó jọ oògùn àmọ́ tí kò ní oògùn nínú, wá ńkọ́? Háà! Lórílẹ̀-èdè tí Dora Akunyili àti NAFDAC ti bá ayédèrú oògùn wọ̀yá ìjà láti 2001 dé 2008, ta ni yóò rí i lórí fọ́ọ̀mù tí kò ní sá? Ayédèrú ń purọ́ pé òun ni ojúlówó. Èyí tí à ń sọ yìí, a ti sọ fún ẹni tó ń kópa pé ó lè jẹ́ òun ló máa bọ́ sí i lọ́wọ́. "Òfìfo" ni mo mú wá: hóró òfìfo, abẹ́rẹ́ òfìfo. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí a fi ń wé oògùn tuntun ló ń jẹ́ òfìfo. Nígbà tí yírùnyírùn ń jà ní Kánò lọ́dún 1996, igba ọmọ ni Pfizer kó sínú ìdánwò Trovan. Ọgọ́rùn-ún gba Trovan, ọgọ́rùn-ún yòókù gba ceftriaxone, oògùn gidi tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. "Oògùn àfiwéra" nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Kánò yìí náà ni mi ò fi gba "àyẹ̀wò oògùn" tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò "ìdánwò oògùn". Àwọn òbí kan ní kò sẹ́ni tó sọ fáwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn sọ. Létí ará Kubwa, àyẹ̀wò ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, kí wọ́n fún ọ lésì, kó o máa lọ ilé. Ẹ ní "ìdánwò" ń rùn bíi WAEC, bí ẹni pé aláìsàn ló ń ṣe é. Ẹ kà á tán ná: ìdánwò oògùn. Oògùn ló jókòó ìdánwò. Ó lè yege, ó lè fìdí rẹmi.

"Afọ́jú méjì" tí ẹ fi túmọ̀ double-blind, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Ẹni tó gba oògùn ò mọ èyí tó gbà, ẹni tó fún un náà ò mọ̀: "tọ̀túntòsì-ò-mọ̀" tó o.

Ó ku àpótí tó ṣófo lórí fọ́ọ̀mù. Òdo, "aláìsàn ò mọ̀" àti "a ò bi í" kì í ṣe ohun kan náà, àmọ́ ojú fóònù kéré. Ta ló ní ọ̀rọ̀ tó kúrú fún wọn?