Ewúro mi ò dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́, ó tún dà bí ẹni ń ràn án lọ́wọ́!

Àbíkẹ́_Láàbù
Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ máṣítà mi ni. Mò ń wò ó bóyá omi ewúro lè dá ẹ́ńsáìmù alpha-amylase dúró kó má sọ sítáàṣì di ṣúgà. Mo sá ewé ní ibòòji, mo lọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, mo sẹ́ ẹ. Acarbose, oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí mo fi ń ṣe àfiwé, ò dà mí láàmú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fi ewúro kún un ni DNS, kẹ́míkà tó ń pọ́n tó bá pàdé ṣúgà, ń pọ́n sí i! Ní ìmọ́lẹ̀ 540 nm tí a fi ń wọn pípọ́n rẹ̀, ó ju túùbù tí kò ní ewúro rárá lọ. Èsì mi, ìyẹn ìdá ọgọ́rùn-ún tí ewúro fi dá ẹ́ńsáìmù dúró, wá bọ́ sábẹ́ òdo. Ọ̀gá mi ní kí n tún un ṣe. Mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ewé tó kù ò kún ife.

Bàbá_Pipette
Pẹ̀lẹ́. Ṣé o ṣe túùbù tó ní ewúro àti sítáàṣì, tí kò ní ẹ́ńsáìmù? DNS ò mọ ṣúgà tó ti ara sítáàṣì wá yàtọ̀ sí èyí tó ti wà nínú ewé tẹ́lẹ̀. Ewúro korò lóòótọ́, àmọ́ ó ní ṣúgà tirẹ̀, omi tí o fi rẹ ẹ́ ló sì kó o jáde. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni kí o ṣe túùbù yẹn fún, kí o yọ ti kálukú kúrò lára tirẹ̀. Ẹyọ kan ni mo fi yọ fún gbogbo wọn nígbà tí mò ń ṣe ejìnrìn. Oṣù kan gbáko ló bá a lọ.

Ìyá_Ìbejì
Tí o bá dé orí DPPH, kẹ́míkà aláwọ̀ tí a fi ń yẹ agbára antioxidant wò, àwọ̀ ewé á tún dà ọ́ láàmú ní ìmọ́lẹ̀ 517 nm. Ṣe túùbù tí kò ní DPPH náà.

Táyé
Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò ka sáyẹ́ǹsì o. Màámi ní ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n ń lo metformin, wọ́n sì ń mu omi ewúro láràárọ̀. Ṣé kí wọ́n máa mu ún lọ?

Bàbá_Pipette
Táyé, túùbù ò lè dáhùn ìyẹn. Ohun tó ṣiṣẹ́ nínú ife lè má dé inú ẹ̀jẹ̀ rárá. Ẹ sọ fún dókítà wọn pé wọ́n ń mu ún, kí wọ́n má sì torí ewúro pa oògùn tì. Tí òógùn bá ń bò wọ́n, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ẹ tètè wọn ṣúgà wọn, ó lè ti lọ sílẹ̀ jù.

Àbíkẹ́_Láàbù
Ẹ̀yin Bàbá! Túùbù tí kò ní ẹ́ńsáìmù pọ́n bí epo. Mo yọ ọ́ kúrò, èsì ti gòkè òdo. Kò súnmọ́ acarbose, àmọ́ mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ń lọ ra ewúro míì lọ́jà.